Mítà Kan àti Ààbọ̀

Wọ́n tẹ́ àwòrán òpópónà wa sórí tábìlì
nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń rùn bí kóòtù tí òjò pa.
Mo wá ṣọ́ọ̀bù mi nínú rẹ̀ títí mo fi rí i:
àpótí kékeré kan, kò tó èékánná,
láàárín alápatà àti ẹni tó ń ta awò ojú.
Wọn ò kọ orúkọ mi. Wọ́n kọ mọ́kànléláàádọ́rin.
Ibẹ̀ ni mo ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú
fún àwọn ará Mapperley láti ọdún mẹ́tàlá.

Ọmọbìnrin kánsù náà, Hattie Lomas,
fi ìka tọ ìlà aláwọ̀ ewé kan láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè.
"Mítà kan àti ààbọ̀ ni. Ti àwọn ológeere nìkan."
Gbọ̀ngàn dàrú bí ẹni fẹsẹ̀ kọ ilé oyin.

Ọ̀gbẹ́ni Cutts alápatà dìde:
"Ààyè ìgbọ́kọ̀sí mẹ́sàn-án lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa.
Ta ni yóò fi kẹ̀kẹ́ gbé itan màlúù gun òkè yìí?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀,
nítorí òkè Mapperley kò láàánú ẹnikẹ́ni;
ẹni tó bá gùn ún
á rántí gbogbo ohun tó ti jẹ láti ọjọ́ Àìkú.

Àmọ́ ẹ̀rín náà kò wọnú.
Bàbá mi gbé búrẹ́dì láti Ìkìrun dé Ìrágbìjí,
àpótí pákó lẹ́yìn, èmi níwájú lórí irin,
gírísì ṣéènì ń pa mí láṣọ ilé-ìwé.
Ráàlè ni kẹ̀kẹ́ náà.
Irin pẹlẹbẹ kan wà ní ọrùn rẹ̀,
ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ka orúkọ ìlú yìí,
lẹ́tà kan, lẹ́tà kan: Nottingham.
Mo rò pé orúkọ kẹ̀kẹ́ ni.

Ìlú tó rọ kẹ̀kẹ́ fún bàbá mi
ni mo wá dé, tí mi ò rí ibi tí kẹ̀kẹ́ ń gbà.
Alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́ tán, kò dá oko.

Mo dìde. Gẹ̀ẹ́sì mi kọ́kọ́ sá pamọ́.
Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi,
tí mò ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sétí aṣọ dúdú kan.
Àwọn tó fẹsẹ̀ rìn wọ ilé alápatà, mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún.
Àwọn tó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mẹ́rìnléláàádọ́ta.
Àwọn tó gbé mọ́tò wá, méjìdínlógójì,
mẹ́fà nínú wọn kò ra ẹran,
wọ́n kàn wá ṣẹ́ owó ni.
Ológeere, mẹ́rin.

"Mẹ́rin péré!" ni Cutts wí.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin.
Mo ní ọ̀kan nínú wọn, Rowan ọmọ yín ni,
láago mẹ́fà ìdájí, kò tíì mọ́ tán,
tí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ń gbá a létí.

Ó wò mí. Ó wo àwòrán.
"Bọ́ọ̀sì ló ní òun ń wọ̀."
Ó jókòó. Kò gbà, kò sì kọ̀.

Wọ́n sún ìpinnu sí oṣù Ẹrẹ́nà.
Wọ́n to àga. Wọ́n ká àwòrán nílẹ̀ bí ẹní.

Níta ni mo tó mọ̀ pé okùn ìwọ̀n mi
ṣì wà lọ́rùn mi láti àárọ̀.
Mítà kan àti ààbọ̀, kò dín, kò lé.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ́ ẹ láti etí ọ̀nà;
orí rẹ̀ dé táyà ọkọ̀ Cutts gẹ́lẹ́.
Òjò ń kán sórí àwọn nọ́ńbà.
Mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn mi.
Mo ní ó fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.
Kò sọ̀rọ̀. Ó fi bàtà tẹ orí okùn náà
kí atẹ́gùn má baà gbé e.